Ta Ni Òṣìṣẹ́? Àyẹ̀wò Lámèyítọ́ lórí Òfin Iṣẹ́ àti Àìsàn Olùkọ́ ní Festac àti Amúwo-Ọ̀dọ̀fin

Ìfáàrà

Ní ọjọ́ kìíní oṣù Karùn-ún, ọdọọdún, àwọn olùkọ́ a máa wọ aṣọ ẹgbẹ́ NUT, wọn a tò lọ́wọ̀ọ́wọ̀ọ́ pẹ̀lú àwọn òṣìṣẹ́ yòókù, wọn a sì yan kọjá níwájú gómìnà. Ojú òṣìṣẹ́ ni gbogbo ayé fi ń wò wọ́n lọ́jọ́ náà. Kò sí ẹni tí ń bi wọ́n léèrè bóyá òṣìṣẹ́ ni wọ́n lóòótọ́. Ìbéèrè yìí gan-an ni àpilẹ̀kọ yìí fẹ́ béèrè. Kì í ṣe pé a fẹ́ fi olùkọ́ ṣe yẹ̀yẹ́. Ìwé òfin tí ó sọ iye ọjọ́ tí ènìyàn lè fi ṣàìsàn kí owó rẹ̀ má dín ní ìdáhùn tirẹ̀ sí ìbéèrè náà, ìdáhùn ọ̀hún kò sì gbe olùkọ́.

Bí a bá ń sọ̀rọ̀ ìyà olùkọ́, yálà nínú ìpàdé ni tàbí nínú ìwé ìròyìn, owó oṣù ni ó sábà máa ń gba iwájú. Ẹ̀yìn rẹ̀ ni ìgbéga, owó ìfẹ̀yìntì àti àwọn àjẹmọ́nú. Àìsàn olùkọ́ kì í fi bẹ́ẹ̀ sí nínú ọ̀rọ̀, àfi bí ó bá di ọ̀rọ̀ òkú. Ọ̀nà tí a gbà ṣe iṣẹ́ yìí ni ti lámèyítọ́: a ka òfin gẹ́gẹ́ bí a ti ń ka ewì tàbí ìtàn àròsọ, a wo ọ̀rọ̀ tí òǹkọ̀wé yàn, a wo èyí tí ó fò, a sì wo ẹni tí ó tì síta. Agbègbè tí a mú ni Festac àti ìyókù ìjọba ìbílẹ̀ Amúwo-Ọ̀dọ̀fin. Ibẹ̀ ni a ti máa ń bojú tó àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa nígbà ìdánrawò iṣẹ́ olùkọ́. Yàtọ̀ sí èyí, ilé-ìwé ìjọba àti ti aládàáni sún mọ́ra níbẹ̀ débi pé olùkọ́ méjì tí wọ́n jọ ń gbé ojúlé kan lè máa ṣàìsàn lábẹ́ ìlànà méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀.

Abala 16 àti abala 91

Òfin Iṣẹ́ tí a ń lò ní Nàìjíríà ni èyí tí ìjọba ológun gbé kalẹ̀ ní ọdún 1974. Wọ́n ti tò ó sínú àkójọ òfin orílẹ̀-èdè yìí ti ọdún 2004, ṣùgbọ́n egungun rẹ̀ kò yàtọ̀ sí ti 1974. Abala 16 ni ó sọ̀rọ̀ àìsàn. Ohun tí ó wí ni pé òṣìṣẹ́ ní ẹ̀tọ́ sí owó iṣẹ́ rẹ̀ fún ọjọ́ iṣẹ́ 12 nínú ọdún kan bí àìsàn ọlọ́jọ́ díẹ̀ bá dá a dúró sílé, bí dókítà tí ó forúkọ sílẹ̀ bá ti jẹ́rìí sí i. Agbanisíṣẹ́ sì lè ní kí òṣìṣẹ́ náà lọ fara han dókítà tí òun fúnra rẹ̀ yàn.

Ọjọ́ 12 kò pọ̀. Ibà jẹ̀funjẹ̀fun kan ṣoṣo lè jẹ gbogbo rẹ̀ tán kí oṣù Kẹta tó parí. Ṣùgbọ́n kí a tó bẹ̀rẹ̀ sí í jiyàn lórí iye ọjọ́, ó yẹ kí a béèrè ẹni tí a kà á fún. Òṣìṣẹ́ ni abala náà wí. Ọ̀rọ̀ kan yìí ni ó gbé gbogbo ẹrù, abala 91 ni ó sì túmọ̀ rẹ̀.

Abala 91 kọ́kọ́ la ọwọ́ gbàgàdà. Òṣìṣẹ́ ni ẹnikẹ́ni tí ó bá bá agbanisíṣẹ́ ṣàdéhùn, ìbáà jẹ́ iṣẹ́ agbára tàbí iṣẹ́ akọ̀wé, ìbáà jẹ́ àdéhùn ẹnu lásán tàbí èyí tí a kọ sílẹ̀. Lẹ́yìn èyí ni ó wá ń yọ àwọn ènìyàn kúrò lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó yọ àwọn tí ń ṣe iṣẹ́ àbójútó, iṣẹ́ aláṣẹ, iṣẹ́ onímọ̀ ẹ̀rọ àti iṣẹ́ amọṣẹ́dunjú, yálà gẹ́gẹ́ bí òṣìṣẹ́ ìjọba tàbí lọ́nà mìíràn. Ó yọ àwọn ẹbí agbanisíṣẹ́. Ó yọ aṣojú àti alárìnkiri tí ń bá ilé-iṣẹ́ tajà. Nígbà tí ó fi máa dákẹ́, ọwọ́ tí ó là ti padé.

Ó yẹ kí a dúró díẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ náà fúnra rẹ̀. Nínú èdè wa, àfòmọ́ ìbẹ̀rẹ̀ àti àpólà ìṣe ni a fi ṣẹ̀dá òṣìṣẹ́: ẹni tí ó ṣe iṣẹ́. Kò sí ohun mìíràn nínú ìtumọ̀ rẹ̀. Ẹni tí ó kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ bíríkìlà a kí i pé ‘ẹ kú iṣẹ́’. Bí ó bá dé ẹnu ọ̀nà kíláàsì tí ó bá olùkọ́ níbi tí ó ti ń kọ nǹkan sí ara pátákó, ìkíni kan náà ni yóò kí i. Yorùbá kò mọ ẹni tí ó ń ṣiṣẹ́ tí kì í ṣe òṣìṣẹ́. Òfin 1974 mọ̀ ọ́n. Ó jọ pé àwọn tí ó kọ ọ́ gbà pé amọṣẹ́dunjú lẹ́nu, pé ó lè jókòó ti agbanisíṣẹ́ kí ó sì dúnàádúrà ọjọ́ àìsàn rẹ̀ fúnra rẹ̀. Bóyá èyí bá àwọn kan mu láyé ìgbà náà. Kò bá olùkọ́ nọ́sìrì mu ní ilé-ìwé tí olùkọ́ mẹ́jọ péré wà.

Ìwé ẹ̀rí tí ó yọni síta

Ní ọdún 1993, Òfin ìjọba ológun nọ́ńbà 31 dá àjọ TRCN sílẹ̀ láti máa forúkọ olùkọ́ sílẹ̀ àti láti máa darí iṣẹ́ náà gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ amọṣẹ́dunjú. Ayọ̀ ńlá ni fún àwọn olùkọ́. Ẹgbẹ́ NUT, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Èkó ní ọdún 1931, tí Àlùfáà I. O. Ransome-Kuti sì jẹ́ ààrẹ rẹ̀ àkọ́kọ́, ti jà fún ọjọ́ pípẹ́ kí a lè máa fi ojú tí a fi ń wo dókítà àti agbẹjọ́rò wo olùkọ́. A gba ohun tí a ń fẹ́. Ohun tí a kò kíyè sí ni pé ọ̀rọ̀ kan náà, amọṣẹ́dunjú, ti wà nínú abala 91 láti ọdún 1974, tí ó ń dúró de ẹni tí yóò yọ.

Ẹ wo ibi tí ó já sí. Ẹni tí kò ní NCE, tí kò sì forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ TRCN, tí wọ́n kàn mú wọ kíláàsì nítorí pé ó gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, lè dúró níwájú adájọ́ kí ó ní òun kì í ṣe amọṣẹ́dunjú, pé òṣìṣẹ́ lásán ni òun, kí ó sì béèrè ọjọ́ 12 tirẹ̀. Ẹni tí ó lo ọdún mẹ́ta pẹ̀lú wa, tí ó kọ́ nípa ìlànà ìkọ́ni, tí ó ṣe ìdánrawò, tí ó gba ìwé ẹ̀rí, tí ó sì san owó ìforúkọsílẹ̀, òun gan-an ni yóò ṣòro fún láti sọ bẹ́ẹ̀. Àwa olùkọ́ni ní kọ́lẹ́ẹ̀jì ni a fún un ní ìwé tí wọn yóò fi tì í síta.

A kò sọ pé gbogbo adájọ́ ni yóò ka òfin náà báyìí. Láti ìgbà àtúnṣe kẹta sí ìwé òfin orílẹ̀-èdè ní ọdún 2010, ilé ẹjọ́ tí ń gbọ́ ẹjọ́ iṣẹ́ ti ní àṣẹ láti wo ìṣe tí ó dára jù lágbàáyé nígbà tí ó bá ń dájọ́. Ọ̀nà wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ inú òfin gba kí a kà á bí a ti kà á yìí, agbẹjọ́rò agbanisíṣẹ́ kò sì ní í wá ìkà mìíràn. Olùkọ́ mélòó ni ó sì lè gba agbẹjọ́rò nítorí owó ọjọ́ mẹ́rin tí wọ́n yọ?

Ojúlé kan, ìlànà méjì

A kọ́ Festac fún àjọ̀dún àṣà àti iṣẹ́ ọnà àwọn aláwọ̀ dúdú ẹlẹ́ẹ̀kejì, tí ó wáyé láti ọjọ́ 15 oṣù Kìíní sí ọjọ́ 12 oṣù Kejì ọdún 1977. Lẹ́yìn tí àwọn àlejò lọ, ó di ibùgbé àwọn ará Èkó. Nọ́ńbà ni ọ̀pọ̀ òpópónà rẹ̀ ń jẹ́. Ẹni tí ó bá rìn láti First Avenue wọ inú àwọn ojú ọ̀nà kéékèèké yóò rí pátákó ilé-ìwé aládàáni lára ilé tí wọ́n kọ́ fún ìdílé kan ṣoṣo: pálọ̀ ti di kíláàsì, ọgbà ẹ̀yìnkùlé ti di pápá ìṣeré. Ní Agboju, tí kò jìnnà, ni ọ́fíìsì ẹkùn ètò ẹ̀kọ́ karùn-ún ti Ìpínlẹ̀ Èkó wà, èyí tí ń bójú tó ilé-ìwé girama ìjọba ní Amúwo-Ọ̀dọ̀fin, Ojo, Ajeromi-Ifelodun àti Badagry.

Ẹ jẹ́ kí á fojú inú wo olùkọ́ méjì nínú ilé kan ní àdúgbò yìí. Èkíní ń kọ́ni ní ilé-ìwé girama ìjọba, èkejì ní nọ́sìrì àti alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ aládàáni. Ẹ̀fọn kan náà ni ó jẹ wọ́n, nítorí ilẹ̀ àbàtà ni ọ̀pọ̀ ibẹ̀, omi a sì máa dúró nínú gọ́tà. Àwọn méjèèjì dùbúlẹ̀ àìsàn lọ́jọ́ kan náà.

Èkíní jẹ́ òṣìṣẹ́ ọba. Abala 91 yọ òun náà, ṣùgbọ́n ó ní ìlànà mìíràn tí ó gbà á sílẹ̀. Ìlànà Iṣẹ́ Ọba ti ìjọba àpapọ̀, ẹ̀dà ọdún 2008, fi ọjọ́ 42 láàárín oṣù méjìlá sílẹ̀ fún òṣìṣẹ́ tí àìsàn rẹ̀ kò gba kí wọ́n dá a dúró ní ilé ìwòsàn. Ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan sì ní ìlànà tirẹ̀. Bí ó bá kọjá bẹ́ẹ̀, ìgbìmọ̀ àwọn dókítà ni yóò yẹ ọ̀rọ̀ rẹ̀ wò. Ó lè má rí owó gbà lásìkò, ọ̀gá rẹ̀ lè kanra mọ́ ọn, ṣùgbọ́n ìwé kan wà tí ó lè nawọ́ sí.

Èkejì kò ní irú ìwé bẹ́ẹ̀. Bí ìwé ìgbaniṣíṣẹ́ rẹ̀ kò bá sọ ohunkóhun nípa àìsàn, a jẹ́ pé àánú olùdásílẹ̀ ilé-ìwé ni ó kù. Bí ó bá sì sọ ọ́, ohun tí ó wọ́pọ̀ ni pé iye ọjọ́ tí olùkọ́ kò bá wá ni a ó yọ kúrò nínú owó oṣù. ‘Kò síṣẹ́, kò sówó’ ni wọ́n ń pè é. Inú òfin ìjà-n-gbara òṣìṣẹ́ ni èrò yìí ti wá, ẹni tí ó bá da iṣẹ́ sílẹ̀ ni wọ́n sì ṣe é fún. Ìjọba àpapọ̀ lò ó fún àwọn olùkọ́ fásitì nígbà ìyanṣẹ́lódì ọdún 2022. Ibà kì í ṣe ìyanṣẹ́lódì. Ṣùgbọ́n gbólóhùn náà ti sá kúrò nínú abala tirẹ̀, ó ti wọ ilé-ìwé, kò sì sí ẹni tí ó bi í ní ibi tí ó ti wá.

Bí ó bá tilẹ̀ ṣe pé ọjọ́ 12 jẹ́ tirẹ̀, ẹ̀rí dókítà ṣì wà níwájú. Níbi tí ọ̀pọ̀ olùkọ́ aládàáni ti ń wo ibà sàn ni kẹ́mísì tí ó wà ní ìdí ilé àti ọ̀dọ̀ ìyá alágbo. Àwọn méjèèjì lè wò ó sàn, ṣùgbọ́n kò sí èyí tí ó lè fún un ní ìwé tí abala 16 ń fẹ́. Kí ó tó rí dókítà, ó ní láti wọkọ̀, kí ó tò, kí ó sanwó káàdì àti ti àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀. Ìnáwó náà lè ju owó ọjọ́ kan tí ó fẹ́ gbà padà. Òfin ìlera tí wọ́n ṣe ní ọdún 2022 sọ ìbánigbófò ìlera di dandan fún gbogbo ènìyàn. Bí ó bá dé ọ̀dọ̀ olùkọ́ yìí ní tòótọ́, ìṣòro ìwé ẹ̀rí yóò dín kù.

Àfibọ̀ kan: ní àwọn ilé-ìwé wọ̀nyí, àwọn ọmọ kì í pe olùkọ́ ní tíṣà. ‘Àǹtí’ ni wọ́n ń pe obìnrin, ‘ọ́ńkù’ ni wọ́n ń pe ọkùnrin, olùdásílẹ̀ náà a sì máa pè wọ́n bẹ́ẹ̀. Orúkọ ẹbí ni. Ó dùn ún gbọ́, ṣùgbọ́n kì í ṣe orúkọ ẹni tí ó ní àdéhùn iṣẹ́. Bí wọ́n bá ti pe ènìyàn ní àǹtí, ojú a máa tì í láti béèrè ẹ̀tọ́. Ta ní ń béèrè lííf lọ́wọ́ ẹbí? A sì ti rí i pé ẹbí agbanisíṣẹ́ wà lára àwọn tí abala 91 yọ.

Ohun tí ọmọ ilé-ìwé ń gbà nínú rẹ̀

Nígbà ìdánrawò kan, a wọ kíláàsì kan ní Festac láti wo akẹ́kọ̀ọ́ wa. Olùkọ́ tí ó ni kíláàsì jókòó sẹ́yìn, àpólò ti mú un lójú méjèèjì, ó fi dígí dúdú bò ó. A béèrè ìdí tí kò fi dúró sílé. Ó ní ọjọ́ méjì tí òun kò wá ní oṣù tí ó kọjá ni òun ṣì ń san padà. Lọ́sẹ̀ tí ó tẹ̀ lé e, àwọn ọmọ mélòó kan ní kíláàsì náà ti ń nu ojú pupa. A kò ní í dárúkọ ilé-ìwé náà, nítorí kì í ṣe ìyẹn nìkan.

Ìdí nìyí tí kò fi yẹ kí a ka àìsàn olùkọ́ sí ọ̀rọ̀ ara rẹ̀ nìkan. Ìwé ìmọ̀ràn lórí ipò olùkọ́ tí UNESCO àti àjọ ILO fẹnu kò lé lórí ní ọjọ́ 5 oṣù Kẹwàá ọdún 1966, ọjọ́ tí ayé fi ń ṣe àyájọ́ olùkọ́ láti ọdún 1994, ti rí èyí. Ó ní olùkọ́ yẹ kí ó ní ìsinmi àìsàn pẹ̀lú owó. Ó fi kún un pé bí a bá ń ṣírò iye ọjọ́ náà, kí a ro ti àìsàn tí ó gba pé kí olùkọ́ jìnnà sí àwọn ọmọ fún ìgbà pípẹ́. Ẹni tí ó kọ gbólóhùn yẹn mọ ohun tí kíláàsì jẹ́. Ikọ́ fée kò mọ ọjọ́ 12.

Bí a bá fi ojú wo ibòmíràn, àdéhùn àwọn olùkọ́ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Wales fún olùkọ́ tí ó wà ní ọdún kẹrin lẹ́nu iṣẹ́ ní ọjọ́ iṣẹ́ 100 pẹ̀lú owó kíkún, àti 100 mìíràn pẹ̀lú ìdajì owó. A mọ̀ pé ọrọ̀ ajé wa kò dọ́gba. Kenya ni ó sún mọ́ wa: òfin iṣẹ́ wọn ti ọdún 2007 ní kí owó kíkún wà fún ọjọ́ méje, ó kéré tán, kí ìdajì owó sì wà fún méje mìíràn. Ọjọ́ náà kò pọ̀ ju tiwa lọ. Ṣùgbọ́n òfin wọn kò yọ amọṣẹ́dunjú kúrò, ìyàtọ̀ tí a ń wí nìyẹn.

Ó yẹ kí a gbọ́ ti àwọn onílé-ìwé pẹ̀lú. Ilé-ìwé kéékèèké wọ̀nyí, owó ilé-ìwé tí òbí bá san ni wọ́n fi ń mí, òbí púpọ̀ sì jẹ wọ́n ní gbèsè. Nígbà tí ilé-ìwé ti pa ní oṣù Kẹta ọdún 2020 nítorí àrùn Kòrónà, ọ̀pọ̀ olùkọ́ aládàáni ni kò gba owó fún oṣù púpọ̀. Kì í ṣe gbogbo olówó wọn ni ó ní in tí kò fẹ́ san. Òfin owó oṣù tí ó kéré jù pàápàá yọ ilé-iṣẹ́ tí òṣìṣẹ́ rẹ̀ kò tó 25. Bẹ́ẹ̀ ni àwa olùkọ́ kò mọ́ pátápátá: àwọn kan wà nínú iṣẹ́ ọba tí ń ra ìwé dókítà láti fi lọ sí òde ìnáwó, àwọn ni wọ́n jẹ́ kí ọ̀gá máa fura sí ẹni tí ara rẹ̀ kò yá ní tòótọ́. Àmọ́ ẹ̀rù tí onílé-ìwé kò lè gbé, a kò lè gbé e lé olùkọ́ tí owó oṣù rẹ̀ kéré ju ti gbogbo wọn lọ.

Òfin kan tí ó la ọwọ́

Òfin ìsanpadà fún òṣìṣẹ́ tí wọ́n ṣe ní ọdún 2010 fi hàn pé wọ́n mọ bí a ti ń kọ ọ́ lọ́nà mìíràn. Òfin náà kò tẹ̀ lé ìtumọ̀ 1974. Ó kan ti ìjọba àti ti aládàáni. Agbanisíṣẹ́ ni ó ń san ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún owó iṣẹ́ sínú àpò tí NSITF ń bójú tó. Olùkọ́ sì wà nínú rẹ̀ láìsí àríyànjiyàn. Abala 8 rẹ̀ tilẹ̀ mẹ́nu ba ìdààmú ọkàn tí iṣẹ́ fà. Àbùkù rẹ̀ ni pé àìsàn tàbí ìpalára tí iṣẹ́ bá fà nìkan ni ó kàn. Olùkọ́ tí àjà kíláàsì já lù lè béèrè. Olùkọ́ tí ibà ń ṣe kò lè béèrè.

Ní oṣù Kẹrin ọdún 2022 ni Ààrẹ Muhammadu Buhari fọwọ́ sí òfin tí ó sún ìfẹ̀yìntì olùkọ́ dé ẹni ọdún 65 tàbí 40 ọdún lẹ́nu iṣẹ́. Àwọn olùkọ́ tún yọ̀. Ṣùgbọ́n ara ẹni ọdún 63 kì í ṣe ara ẹni ọdún 30, kò sì sí ẹni tí ó bèèrè bóyá ó yẹ kí ọjọ́ àìsàn gùn pẹ̀lú ọdún iṣẹ́. A fi ọdún kún iṣẹ́, a kò fi ọjọ́ kún àìsàn; ẹni tí ó bá ṣírò rẹ̀ yóò rí i pé a dín in kù ni.

Kí ni akẹ́kọ̀ọ́ wa lè ṣe báyìí? Abala 7 òfin 1974 ní kí agbanisíṣẹ́ fún òṣìṣẹ́ ní ìwé àdéhùn kí oṣù mẹ́ta tó pé, kí ìwé náà sì sọ ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ bí ó bá ṣàìsàn tàbí bí ó bá farapa. Ó jẹ́ ti òṣìṣẹ́, bí abala 16. Ṣùgbọ́n kò sí òfin tí ó ní kí olùkọ́ má béèrè irú ìwé bẹ́ẹ̀ kí ó tó tọwọ́ bọ̀wé. Kí a mú un wọ inú ẹ̀kọ́ ọdún kẹta, kí a jẹ́ kí wọ́n ka ìwé ìgbaniṣíṣẹ́ bí wọ́n ti ń ka àyọlò, kí wọ́n mọ ohun tí ó wà níbẹ̀ àti ohun tí a fò.

Ní ti òfin fúnra rẹ̀, kò pọn dandan kí a tú u palẹ̀. Gbólóhùn tí ó yọ amọṣẹ́dunjú ní ó yọ wọ́n gẹ́gẹ́ bí òṣìṣẹ́ ìjọba ‘tàbí lọ́nà mìíràn’. Bí a bá pa ọ̀rọ̀ mẹ́ta yẹn rẹ́, òṣìṣẹ́ ìjọba nìkan ni yóò kù nínú àwọn tí abala náà yọ nítorí irú iṣẹ́ wọn, àwọn yẹn sì ti ní ọjọ́ tiwọn nínú Ìlànà Iṣẹ́ Ọba. Olùkọ́ aládàáni ní Festac yóò di òṣìṣẹ́, pẹ̀lú NCE rẹ̀ àti nọ́ńbà TRCN rẹ̀ lọ́wọ́.